Ẹ fẹ́ mú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn lọ sí Ojúde Ọba? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Bí Iléyá bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, fóònù mi kì í sinmi mọ́. Àwọn àbúrò tó wà l'Ékòó, àwọn ìyàwó ilé wa tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan tó fẹ́ ará Ìkòròdú, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Mọ́mì, ṣé ká mú ọmọ dání?" Ọmọ mẹ́rin ni mo tọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí, kò sì sí èyí tí n kò pọ̀n lọ sí Ojúde Ọba, ọdún tí àwọn ẹgbẹ́ àti ẹlẹ́ṣin ti ń wá kí ọba wa, nínú wọn kó tó pé ọdún mẹ́ta. Mo wá kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí, kí n lè ráyè dín ẹran ọdún mi.

Ọmọ wa pé ọdún kan ààbọ̀. Ṣé kò kéré jù?

Kò kéré jù láti wá. Ó kéré jù láti pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lórí àkọ́bí mi. Oṣù méjìlélógún ló wà nígbà náà. Kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, a ti wà lórí ìjókòó. Mo wọ òfì fún un, mo dé fìlà lé e lórí, mo fi bàtà dúdú tó ń dán gbinrin sí i lẹ́sẹ̀. Ẹgbẹ́ kan jó kọjá, òmíràn tẹ̀ lé e, ọmọ ń jó lórí itan mi, inú mi ń dùn. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, ó ti ju fìlà nù, ó ti fa gèlè obìnrin tó jókòó níwájú wa tú, ó sì ti sunkún débi pé àwọn èèyàn ń bá mi wá omi. Kí ẹṣin àkọ́kọ́ tó wọlé, oorun ti gbé e lọ lẹ́yìn mi. Ọmọ tí mo tìtorí ẹṣin gbé wá kò rí ìrù ẹṣin kan ṣoṣo.

Ìgbà tí à ń relé ló jí. Wọ́n so ẹṣin kan mọ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ti tú gbogbo ẹ̀ṣọ́ ọdún kúrò lára rẹ̀, ó ń jẹ koríko. Ni ọmọ bá dúró gbagidi. A wo ẹṣin tó ń jẹ koríko fún bí ogún ìṣẹ́jú. Títí ọdún fi yípo, gbogbo ohun tó ń sọ nípa Ojúde Ọba kò ju "ẹṣin jẹ kóko" lọ.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọmọ ọdún méjì kì í lọ sí Ojúde Ọba, ẹṣin kan ló ń lọ wò. Ẹ wá ẹṣin kan náà fún un ní wákàtí tí ojú rẹ̀ ṣì dá, kẹ́ ẹ sì máa gbé e relé. Bí ẹ bá gbà pẹ̀lú mi lórí èyí, ìdáhùn tó kù á rọrùn.

Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì rìn sàn díẹ̀, nítorí ọyàn àti ẹ̀yìn ìyá ti tó o. Ọmọ tó ti lé ní ọdún mẹ́ta náà sàn, ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn tó wà láàárín wọ̀nyẹn, tí ẹsẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ayé, àwọn ni iṣẹ́ wà lórí wọn.

Ọjọ́ wo ló ń bọ́ sí gan-an, kí sì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Èmi kì í ṣe ará Ìjẹ̀bú, ọkọ mi ni.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, ní ìwájú ààfin Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Lọ́dún 2024, ọjọ́ Sunday 16 oṣù Kẹfà ni Iléyá, Ojúde Ọba sì bọ́ sí Tuesday 18. Lọ́dún 2025, ọjọ́ Friday 6 oṣù Kẹfà ni Iléyá, Sunday 8 ni Ojúde Ọba. Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń ka ọdún Mùsùlùmí, nítorí náà ó ń fi bí ọjọ́ mọ́kànlá sún sẹ́yìn lọ́dọọdún. Ẹ má fi ọjọ́ ti èṣí sanwó ọkọ̀ o.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀: àwọn Mùsùlùmí ìgbà àtijọ́ ló ń wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ pé ó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn ní fàlàlà. Wọ́n kì í fi orúkọ Balógun Kúkù, olórí ogun Ìjẹ̀bú tó di Mùsùlùmí, sílẹ̀ nínú ìtàn náà. Lónìí, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń ṣe é, Mùsùlùmí, onígbàgbọ́, onísẹ̀ṣe. Àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, irú bíi Gbọ́baníyì, Bọ́bagúnwà àti Jagunmólú, á wọ aṣọ kan náà, wọ́n á jó wá kí ọba lẹ́gbẹẹgbẹ́. Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó jọba láti 1960 títí wọ́n fi wàjà ní oṣù Keje 2025, ló jí ètò ẹgbẹ́ yìí dìde. Àwọn ìdílé Balógun, ìyẹn ìdílé àwọn olórí ogun àtijọ́, wá ń gun ẹṣin wọlé, pẹ̀lú ìlù àti ìbọn.

Lọ́pọ̀ ìgbà, àwọn ẹgbẹ́ ló ń ṣáájú, àwọn ẹlẹ́ṣin á tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀yin náà ẹ wo ọ̀fìn tó wà níbẹ̀: ohun tí ọmọ fẹ́ rí ló ń gbẹ̀yìn.

Báwo la ṣe máa ṣe é tí ọmọ fi máa rí ẹṣin kí oorun tó gbé e?

Ọ̀nà méjì ni mo mọ̀.

Èkíní, ẹ má wá láàárọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ sun oorun ọ̀sán rẹ̀ nílé, kó jí, kó jẹun, kẹ́ ẹ wá gbé e jáde. Ọmọ ọdún kan sí méjì nílò oorun wákàtí mọ́kànlá sí mẹ́rìnlá láàárín ọ̀sán àti òru, oorun ọ̀sán sì wà nínú rẹ̀. Ẹ ò lè bá a dúnàádúrà lórí ìyẹn nítorí ọdún. Àwọn tó wá láàárọ̀ á ti gba ìjókòó, òótọ́ ni, ìdúró lẹ máa dúró. Kí wá ni ìdúró wákàtí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹkún wákàtí márùn-ún?

Èkejì, tí èmi fẹ́ràn jù, ẹ má tilẹ̀ wọ pápá rárá. Àwọn ẹlẹ́ṣin kì í já bọ́ láti òkè, ilé ni wọ́n ti ń múra, ìgboro ni wọ́n sì ń gbà kọjá kí wọ́n tó dé ojúde. Bí ilé àwọn àna yín bá wà lójú ọ̀nà tàbí nítòsí, ẹ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú omi tútù yín. Ẹṣin á kọjá, ọmọ á pariwo, ẹ ó sì tún rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lò. Ibi ọ̀dẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni mo jókòó sí pẹ̀lú àbíkẹ́yìn mi, kò sì sí ohun tó wù mí nínú pápá lọ́jọ́ náà.

Mo gbọ́ pé wọ́n ń yìnbọn. Ṣé kò ní pa ọmọ létí?

Ó lè pa á létí, bó bá súnmọ́ ọn. Ìbọn ìbílẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀tù rọ ni, ìró rẹ̀ nítòsí sì máa ń kọjá 140 dẹ́síbẹ̀lì. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí ìró òjijì tó bá dé etí ọmọdé má ṣe kọjá 120. Ìró tó tóbi tó báyìí kò nílò kó pẹ́ létí kó tó ṣe é lọ́ṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ti tó.

Àkọ́kọ́, ẹ jìnnà. Ibi tí ìdílé ẹlẹ́ṣin bá ti ń kórajọ tàbí tí wọ́n ti ń wọ pápá ni ìbọn ti máa ń dún jù. Bí ẹ bá rí àwọn ọkùnrin tó gbé ìbọn lé èjìká, ẹ má dúró ya fọ́tò, ẹ máa lọ. Èkejì, ẹ ra ohun ìbotí ọmọdé, èyí tó dà bíi hẹ́ẹ̀dífóònù tó bo gbogbo etí. Òwú tí àwọn ìyá wa ń fi dí wa létí kò ràn án tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá sì tì í wọlé jù, ẹ̀ ń wá wàhálà mìíràn. Ẹ jẹ́ kó wọ ìbotí náà nílé fún ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, torí bó bá jẹ́ ọjọ́ ọdún lẹ kọ́kọ́ gbé e sí i lórí, á bọ́ ọ jù sínú gọ́tà.

Ẹ̀rù ńkọ́? Ìyẹn yàtọ̀ sí ti etí. Bí ìbọn bá dún, ẹ gbé ọmọ wá síwájú, ẹ má fi sílẹ̀ lẹ́yìn. Ọmọ tó wà lẹ́yìn kò rí ojú ìyá rẹ̀, ojú yín ló sì máa wò kó tó mọ̀ bóyá kóun sunkún. Èmi máa ń bá wọn ṣeré rẹ̀ nílé ṣáájú: màá na ìdérí ìkòkò mọ́lẹ̀, màá ní "gbòà!", a ó jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìbọn gidi bá dún, èmi náà á ní "gbòà!" Ó ṣiṣẹ́ lórí mẹ́ta nínú wọn. Ìkẹrin lọ́gun títí a fi délé, bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ rí.

Bí ọmọ bá ń fa etí lẹ́yìn rẹ̀, tàbí ẹ pè é tí kò yíjú bó ti máa ń ṣe, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má kán òróró sí i.

Ìyá ọkọ mi ní dandan ni kí wọ́n gbé ọmọ gẹṣin ya fọ́tò. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Ẹ kúnlẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ pé rárá. Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì wáyé pọ̀.

Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà, nítorí náà kò rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, bẹ́ẹ̀ ni kò rí ohun tó wà lábẹ́ imú rẹ̀. Ibi méjèèjì yẹn náà ni ọmọ kékeré máa ń sáré lọ. Ẹṣin tó bá gbọ́ ohun kan lẹ́yìn kò ní béèrè pé ta ni, á ju ẹsẹ̀ ni. Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ti fi í jó láti àárọ̀, ìtọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, saworo ń dún lọ́rùn rẹ̀, ìlù ń dún ní etí ọ̀tún, ìbọn ní etí òsì. Ẹlẹ́ṣin tó ti ń gùn ún láti kékeré pàápàá fi gbogbo ara di í mú.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ìyá ọkọ tèmi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, ni pé: "Màámi, ẹ jẹ́ ká ya á pẹ̀lú yín, kí ẹṣin wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún." Ìyá wo ló máa kọ̀ kí òun wà nínú fọ́tò?

Bí ẹ bá rí ẹṣin tó ti sinmi, tí ẹni tó ni ín dúró tì í, tó sì gbà fún yín, ìyẹn ṣeé ṣe. Ẹ gbé ọmọ sí ọwọ́ yín, ẹ má sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ èjìká ẹṣin wá, níbi tó ti lè rí yín, ẹ sì máa sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹ ti ń bọ̀. Kó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó tó. Ẹ má jẹ́ kó fi oúnjẹ bọ ẹṣin lẹ́nu, ìka ọmọ kò yàtọ̀ sí kárọ́ọ̀tì lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, omi àti ọṣẹ, torí ọwọ́ yẹn ń lọ sẹ́nu.

Kí ló máa wọ̀?

Ohunkóhun tí kì í ṣe òfì. Mo mọ̀ pé ẹ ti rán an, mo mọ iye tí ẹ san. Ẹ wọ̀ ọ́ fún un nílé, ẹ ya fọ́tò yín ní ìdajì wákàtí, kẹ́ ẹ bọ́ ọ. Kó wọ àǹkárá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí òwú, fìlà tó ní ẹtí tó lè ṣíji bo ojú, àti bàtà tó ti wọ̀ rí. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ọrùn ńkọ́? Ó máa ń já, ọmọ sì máa ń gbé e mì. Ẹ fi í sílẹ̀.

Ọmọ mi kì í jẹ oúnjẹ ìta. Kí ni mo lè gbé dání?

Ó kúkú sàn bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tí a gbé sínú kúlà láti àárọ̀ nínú ooru yẹn kò dára fún ikùn kékeré. Ìrẹsì tó ti lo ju wákàtí méjì lọ láìsí iná àti láìsí yìnyín, àwọn àgbà tó ní ikùn líle ni kó jẹ ẹ́. Bí ooru bá mú gan-an, wákàtí kan ni mo máa ń kà fún un.

Ohun tí èmi máa ń gbé: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ọmọ á fúnra rẹ̀ bó, búrẹ́dì, bisikíìtì tí kò ní ṣúgà púpọ̀, àti mọ́ínmọ́ín ewé kan bó bá jẹ́ pé a ò ní pẹ́. Òjòjò gbígbóná ń tà níbi gbogbo lọ́jọ́ ọdún, ó sì dára bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú epo lójú yín. Ẹ ya á sí wẹ́wẹ́, ẹ jẹ́ kó tutù. Ìkọ́kọrẹ́, ẹ jẹ ẹ́ nílé, ẹni tó bá ti fọ ìkọ́kọrẹ́ lára aṣọ funfun á yé kí ni mo ń sọ.

Ẹ̀pà, gúgúrú, súìtì líle, àti bàlúùnù tó bẹ́: ẹ má jẹ́ kó kan ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin. Ọ̀nà ọ̀fun wọn tinrín, eyín ìtẹ̀lẹ̀ wọn kò sì tíì pé láti rún nǹkan líle. Àwọn ẹbí tí ẹ kò rí láti èṣí lẹ ní láti ṣọ́ jù. Wọ́n á kí yín, wọ́n á gbé ọmọ, wọ́n á sì fi ẹ̀pà sí i lẹ́nu kí ẹ tó dìde.

Omi ni olórí gbogbo rẹ̀. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀, ẹ má dúró kó béèrè. Bí pámpáàsì bá gbẹ fún bíi wákàtí mẹ́fà, bí ahọ́n bá gbẹ, bó bá ń sunkún tí omi kò jáde lójú, omi ti dínkù lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹ gbé e sí ibi tútù, ẹ fún un ní ORS, ìyẹn iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, tí wọ́n ń tà ní ilé ìtajà oògùn. Bó bá ń rẹ̀ ẹ́ síwájú, ilé ìwòsàn ni.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ńkọ́?

Ẹ fi pámpáàsì sí i, kódà bó ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ̀ sínú póò. Kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ máa fi kọ́ ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ẹ gbé ọ̀rá dúdú dání fún èyí tó ti dọ̀tí.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ tàbí ká pọ̀n ọ́n?

Ẹ pọ̀n ọ́n. Mo ti rí ìyàwó kan tó ti Èkó wá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọmọ tó dára bíi mọ́tò. Nígbà tó fi máa kúrò níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ ló gbé kẹ̀kẹ́ lórí, òun ló gbé ọmọ, àwọn èèyàn sì ń bínú sí wọn méjèèjì pé wọ́n dí ọ̀nà. Láàárín èrò, kẹ̀kẹ́ tún máa ń gbé ojú ọmọ sí ọ̀gangan ẹsẹ̀ àti eruku. Ọ̀já gbọ̀ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀kan fún pípọ̀n, ìkejì fún ìbora bó bá sùn. Tí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, kí bàbá rẹ̀ gbé e lé èjìká. Kò sí òfin Ìjẹ̀bú kan tó ní kí ọkùnrin má gbé ọmọ.

Ẹgbẹ́ mi máa jó lọ́jọ́ náà, mo sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ta ló máa mú ọmọ?

Ìbéèrè yìí ló dá ìjà sílẹ̀ jù nínú ilé, torí náà ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tó ń jó kò lè ṣọ́ ọmọ. Ẹni tó ń ya fídíò ẹni tó ń jó náà kò lè ṣọ́ ọmọ. Ẹ ní láti yan ẹnì kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ dárúkọ rẹ̀, kó sì gbọ́: "Ìwọ ni ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ láti ìsinsìnyí títí n ó fi dé." Bí ẹ bá ní "gbogbo wa la jọ ń wò ó", kò sí ẹni tó ń wò ó.

Ojú mi ni mo fi rí i. Ọmọ mi kẹta bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ mi ń tò láti wọlé. Bàbá rẹ̀ rò pé àbúrò mi ló mú un, àbúrò mi rò pé èmi ni. Ṣé ẹ mọ ibi tí ọmọ wà? Kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí mi lọ, ó di ìró obìnrin mìíràn mú, ó sì fọkàn balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Aṣọ kan náà ni gbogbo wa wọ̀, gèlè kan náà, ìpele kan náà. Láti ìsàlẹ̀ ibi tó wà, ìyá rẹ̀ tó igba.

Láti ìgbà náà ni mo ti máa ń so áńkáṣíìfù pupa mọ́ ìbàdí lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí rẹ́rìn-ín lọ́dún àkọ́kọ́. Lọ́dún kejì, àwọn mẹ́ta ti so tiwọn.

Bí ọmọ bá wá sọnù lóòótọ́ ńkọ́?

Iṣẹ́ rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ parí kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ ya ọmọ ní fọ́tò láàárọ̀ náà, pẹ̀lú aṣọ tó wọ̀, láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tí àyà bá já èèyàn, kì í rántí àwọ̀ bùbá mọ́. Ẹ fi bírò kọ nọ́ńbà fóònù méjì sí i ní apá, lábẹ́ aṣọ. Nọ́ńbà méjì ni mo wí, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ níbi tí èrò bá pọ̀ sí. Ẹ má kọ orúkọ rẹ̀ síta. Ẹni tó bá mọ orúkọ ọmọ lè pè é, ọmọ á sì tẹ̀ lé e.

Bó bá sọnù, kí ẹnì kan dúró gbọnyin síbi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn, kí àwọn yòókù máa wá a. Ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ìlù ti ń dún, ọmọ kékeré kì í kúrò níbi ìlù. Ẹ máa pariwo aṣọ rẹ̀, "ọmọkùnrin, bùbá yẹ́lò, kò wọ bàtà", ìyẹn làwọn èèyàn máa fojú wá. Ẹ sọ fún ọlọ́pàá àti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí máíkì kíá, ẹ má ṣe tijú. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112, kò gbowó.

Ọ̀nà wo ló dára, ibo la sì máa gbé mọ́tò sí?

Ẹni tó bá ti Èkó bọ̀ lè gba ọ̀nà Ìbàdàn dé Ṣàgámù, kó yà sí ọ̀nà Bìní. Ẹni tó wà lápá Lẹ́kí àti Àjáh á gba Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, ilé yín kò jìnnà, ẹ lè lọ kẹ́ ẹ bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá jìnnà, kó sùn mọ́jú ní Ìjẹ̀bú. Ọmọ tó ti jókòó sínú gosílóò láti òwúrọ̀ kùtùkùtù ti ná gbogbo sùúrù rẹ̀ tán kó tó rí nǹkan kan.

Àwọn ọ̀nà tó lọ sí ààfin máa ń dí pa. Ẹ gbé mọ́tò sí ilé èèyàn yín kan lókèèrè, kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ rìn tàbí kẹ́ ẹ wọ Márúwá dé ibi tó bá lè dé. Ìjókòó ẹ̀yìn ni ọmọ máa jókòó sí, nínú àga tirẹ̀ bí ẹ bá ní i, kì í ṣe lórí itan níwájú.

Ṣé a lè fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú ìyá àgbà bó bá sùn?

Pẹ̀lú ìyá àgbà, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, kí atẹ́gùn sì máa wọlé, bẹ́ẹ̀ ni. Òun nìkan, láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ lọ mú nǹkan bọ̀. Inú mọ́tò tí wọ́n tì pa sínú oòrùn lè gbóná sí i ní bíi ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì mọ́kànlá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ara ọmọdé sì yára gbóná ju tiwa lọ.

Bí òjò bá rọ̀?

Lásìkò yìí tí ọdún náà ń bọ́ sínú ìgbà òjò, ẹ retí rẹ̀. Agbòòrùn máa ń gún àwọn ẹlòmíràn lójú láàárín èrò, ẹ fi aṣọ òjò kékeré sínú báàgì. Ilẹ̀ tó tutù máa ń yọ̀ fún ẹṣin náà, ẹ tún jìnnà sí i.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà tó yẹ kó gbà?

Kò sí ti Ojúde Ọba lọ́tọ̀, àwọn tó yẹ kó ti gbà náà ni. Ẹ wo káàdì rẹ̀. Ti èéyi, ìyẹn measles, ẹ̀ẹ̀mejì ni, oṣù mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìkejì yìí làwọn ìyá máa ń gbàgbé. Àìsàn yẹn sì ń fẹ́ èrò. Ti ibà pọ́njú, oṣù mẹ́sàn-án. Ti ipá, ìyẹn tetanus, tí kòkòrò rẹ̀ máa ń wà nínú ìgbẹ́ ẹṣin àti ilẹ̀, wà nínú èyí tí wọ́n gbà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mẹ́wàá àti mẹ́rìnlá. Ó ń gbà pé ara á fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kọ́ bó ṣe máa jà, nítorí náà ẹ má dúró di ọjọ́ ọdún kù ọ̀la.

Ṣé mo lè gbé fọ́tò ọmọ mi sórí Facebook lọ́jọ́ náà?

Ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ délé ná. Kò sí ìdí tí gbogbo ayé fi gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọmọ yín dúró sí ní ìṣẹ́jú yìí gan-an.

Mo mọ̀ pé á ké bí a bá ní ká máa lọ. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Mi ò kí í sọ "ó tó, a ti ń lọ". Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń dá ẹkún sílẹ̀. Mo máa ń ní, "Jẹ́ ká lọ wo ibi tí ẹṣin ti ń mu omi." Òótọ́ sì ni, torí ojú ọ̀nà tí à ń gbà relé kò ní ṣàì ní ẹṣin kan tí wọ́n so mọ́ nǹkan lásìkò yẹn. A ó dúró síbẹ̀, ní ìwọ̀n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi ní kàn wá. Ọmọ á wò ó, ẹṣin náà á wò ó. Màá ra píọ̀ wọ́tà méjì, ọ̀kan fún mi, ìkejì fún fífọ ojú rẹ̀ tó ti di eruku. Ó máa ń sùn kí n tó so ọ̀já tán.